Afárá rélùwéè tó ń pariwo kọ́ ni afárá tó fẹ́ wó

Rélùwéè kò gba Ogbómọ̀ṣọ́ kọjá, síbẹ̀ àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ìlọrin ni wọ́n ti máa ń wọ̀ ọ́, òwò Òkè Ọya ni wọ́n sì ń bá lọ, láti Kàdúná títí dé Jọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní Tàkíé, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta aṣọ ní Jọ́ọ̀sì, kì í yé sọ ìtàn afárá Jẹ́bà. Ó ní bí ọkọ̀ bá ti gun orí rẹ̀, ariwo á gbòde, àwọn tó ń sùn á ta jí, oníkálukú á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Irin yẹn ń sunkún ni. Nǹkan tó bá ń ké báyẹn, ó ti fẹ́ já nìyẹn."

Mi ò já Ìyá níyàn, ta ni mí? Ṣùgbọ́n ọdún 1916 ni wọ́n ṣí afárá náà, ó sì ṣì dúró lórí Odò Ọya.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ìyá nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí afárá bá ṣe ń pariwo tó ni agbára rẹ̀ ṣe dín kù tó. Ariwo àti agbára kò bá ara wọn tan rárá. Ìlù ni kí ẹ fi wò ó. Ta ló máa gbọ́ ìró bàtá kó sọ pé awọ rẹ̀ ti fẹ́ ya? Awọ tó le dáadáa ló ń dún.

Ojú irin àti ẹsẹ̀ irin tí rélùwéè fi ń yí kò dán délẹ̀. Wọ́n ní gbágungbàgun kéékèèké tó tín-ín-rín ju fọ́nrán irun lọ, bí ọkọ̀ bá sì ń sáré kọjá, irin á máa gbọ̀n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí ilẹ̀ lásán, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó sábẹ́ ojú irin ló ń gbé gbígbọ̀n yẹn mì. Àwọn òkúta á máa ha ara wọn, ilẹ̀ á sì gba èyí tó kù. Ọ̀pọ̀ afárá onírin àtijọ́ kò ní òkúta yẹn, nítorí ó wúwo. Igi ìdábùú tó gbé ojú irin dúró sórí irin afárá gan-an. Gbígbọ̀n rí ọ̀nà wọlé nìyẹn: ó wọ inú pẹpẹ irin tó fẹ̀, tó sì fẹ́lẹ́, pẹpẹ náà á máa ti afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn bí awọ ìlù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni bílálà, afárá ni awọ.

Ọkọ̀ kan náà, eré kan náà, ariwo rẹ̀ lórí irú afárá bẹ́ẹ̀ lè fi dẹ́síbẹ̀lì 10 (dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo) ju ti orí ilẹ̀ lọ, nígbà mìíràn ó tún ju bẹ́ẹ̀. Létí èèyàn, dẹ́síbẹ̀lì 10 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Afárá kọnkéré, irú àwọn tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, kì í han gooro báyẹn. Tirẹ̀ máa ń kùn nísàlẹ̀ ni, irú ìkùn tí fèrèsé ilé máa ń gbọ́ ṣáájú etí.

Ohun tó ń wó afárá kì í sábà pariwo. Ìpẹtà ń jẹ irin ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ibi tó sán tín-ín-rín lára irin á máa gùn díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láìsí ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ojú àti ẹ̀rọ ni ẹnjiníà fi ń wá a. Ìró kan ṣoṣo tí mo lè bá Ìyá bẹ̀rù ni èyí tí kò sí níbẹ̀ lánàá, kí ojú kan ṣàdédé máa dún gbàn-ìn gbàn-ìn. Bóòtù lè ti tú níbẹ̀. Kí wọ́n sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè.

Nípa bí wọ́n ṣe ń pa ariwo náà lẹ́nu mọ́, alubàtá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìda tó ń lẹ̀ mọ́ ojú awọ bàtá kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kí ohùn má baà ràn jù ni. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń ṣe fún irin afárá jọ ọ́: wọ́n á lẹ ohun rírọ̀ kan mọ́ pẹpẹ irin, wọ́n á fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí, gbígbọ̀n á sì di ooru díẹ̀ sáàárín méjèèjì. Èyí tó sàn jù ni kí gbígbọ̀n má tilẹ̀ wọ afárá: wọ́n á ti rọ́bà bọ abẹ́ ojú irin, tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹní rọ́bà sábẹ́ òkúta bí afárá náà bá ní òkúta. Rọ́bà náà ò gbọdọ̀ rọ̀ jù, torí ojú irin tó bá dá wà lórí rọ́bà lè máa dá pariwo tirẹ̀. Kí wọ́n sì máa ha ojú irin kó dán, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ògiri ni àwọn tó ń gbé nítòsí sábà máa ń béèrè fún. Ó ń dá ariwo tó ń ti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ jáde dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkùn tó ń ti abẹ́ afárá jáde ń gba ìsàlẹ̀ ògiri kọjá. Bó bá sì jẹ́ páànù fẹ́lẹ́ ni wọ́n dè mọ́ ara afárá, páànù náà á bá afárá gbọ̀n, á sì máa dún.