Adìẹ Kì í Làágùn

"Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Òwe náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tu gbogbo ìyẹ́ ara adìẹ kan, ẹ ò ní bá òógùn kankan níbẹ̀. Kò sí ẹyẹ tí Ọlọ́run dá ihò òógùn sí lára. Ká máa fi òwe náà gba ara wa nímọ̀ràn kò burú. Ká fi sin adìẹ ni wàhálà.

Ara adìẹ gbóná ju tiwa lọ. Tiwa ò ju nǹkan bí 37°C, tirẹ̀ wà láàrin 41 sí 42. Bó bá fi gòkè dé nǹkan bí 47, ó parí.

Nígbà tí ooru bá kọ́kọ́ dé, á na ìyẹ́ apá rẹ̀ kúrò lára, á sá fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ya lọ sínú ogbe orí àti ẹran pupa tó ń mì lábẹ́ àgbọ̀n, níbi tí ìyẹ́ kò ti bo ara. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 30°C, ìyẹn ò tó mọ́. Ẹnu ló kù.

Ẹ wo àmù amọ̀. Omi ń rin jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́, omi tó ń gbẹ náà sì ń kó ooru lọ: gíráàmù kan péré ń gbé nǹkan bí 2,400 joule (joule ni a fi ń wọn ooru). Àmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà tutù ju ti igun yàrá. Nígbà òjò ńkọ́, tí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó? Kò fi bẹ́ẹ̀ tutù mọ́. Àmù ni adìẹ, àfi pé inú ọ̀fun ni ara rẹ̀ ti ń rin. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ kí atẹ́gùn lè máa kọjá níbẹ̀. Èémí tí kì í ju bí 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan lè kọjá 150.

Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Iṣan tó ń mí náà ń dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ara ń mí jáde, sì ń bá èémí lọ ju bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń rí ohun tó ń bá calcium dì pọ̀ di èèpo ẹyin. Ìdí rèé tí ẹyin ìgbà ooru fi ń fọ́ nínú kéréètì. Bí àwọn tó ń sin adìẹ bá rí i, oúnjẹ adìẹ ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi.

Ẹni tó bá da omi sílẹ̀ nínú ilé adìẹ tí atẹ́gùn kò wọ̀ ti sọ ọ́ di ìgbà òjò fún àmù rẹ̀. Fèrèsé ni kó kọ́kọ́ ṣí. Kó gbé táǹkì omi sábẹ́ ibòòji, torí adìẹ kì í fẹ́ mu omi gbígbóná. Kó palẹ̀ oúnjẹ mọ́ láti agogo 10 àárọ̀ títí di 4 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí adìẹ bá jẹun ni ooru oúnjẹ máa ń pọ̀ jù lára rẹ̀, broiler tó sanra, ìyẹn adìẹ tí a ń sin fún ẹran, ló sì máa ń ni lára jù. Èyí tó jẹun yó lọ́sàn-án lè kú nírọ̀lẹ́, nígbà tí olówó rẹ̀ ti rò pé oòrùn ti rọlẹ̀.