Ọnọ́rébù kọ́ ló ń gbẹ́ bọ́hòòlù: iṣẹ́ tí a ń rán àwọn olùdíje lọ ṣe nílé aṣòfin ìpínlẹ̀

Nígbà tí ìbò tó kọjá ku díẹ̀, olùdíje kan tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wá sí àdúgbò wa nírọ̀lẹ́. Wọ́n to àga sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, ó ti pé oṣù mẹ́fà tí tíráńsífọ́mà wa ti bàjẹ́. Ṣé wàá ra òmíì fún wa?" Ó ní òun á rà á. Ẹnìkan dárúkọ títì, ó ní òun á ṣe é. Ẹlòmíì dárúkọ bọ́hòòlù, ó ní kò ní í pé oṣù mẹ́ta tí òun bá wọlé. A pàtẹ́wọ́ títí. Kò sẹ́nì kankan nínú wa, èmi náà wà níbẹ̀, tó bi í léèrè òfin kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ òfin la fẹ́ rán an lọ ṣe.

Ìgbàgbọ́ tó gba ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni pé gómìnà kékeré ni ọnọ́rébù, pé wọ́n kó àpò owó kan lé e lọ́wọ́ pé kó lọ fi tún ẹkùn rẹ̀ ṣe. Bó bá ti gbẹ́ kànga méjì, tó pín ìrẹsì nígbà ọdún, tó san owó ìdánwò fáwọn ọmọ, a ní ó gbìyànjú. Bí kò bá ṣe é, a ní ó ti jẹ owó wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, èrò yìí sì ń pa wá lára.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Gómìnà àtàwọn kọmíṣọ́nnà rẹ̀ ló ń ṣe títì, tó ń kọ́ ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ ilé aṣòfin ni kó ṣe òfin, kó yẹ ètò ìṣúná wò kó tó buwọ́ lù ú, kó sì máa tọpinpin bí wọ́n ṣe ń ná owó náà. Kò sí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí níbẹ̀ pé kí ọmọ ilé aṣòfin lọ gbẹ́ kànga.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin lè ṣe. Lọ́dún 2011, ilé aṣòfin Èkó ṣe òfin lórí ilé yíyá: onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń gba ti ọdún méjì, ṣùgbọ́n ayálégbé tó mọ òfin náà ní ohun tó lè gbé dé ilé ẹjọ́. Òfin yẹn náà sì yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Àwọn ọnọ́rébù tí a dìbò fún ló jókòó tí wọ́n fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn gómìnà gbé e jáde ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2020, mínísítà ètò ìdájọ́ ní kò bá òfin mu. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílẹ̀ Yorùbá ló ṣe òfin tó gbé e dúró.

Agbára tí wọ́n ní kọjá ìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ọmọ ilé aṣòfin 18 nínú 32 ní àwọn ti yọ Rashidi Ládọjà, gómìnà Ọ̀yọ́ nígbà náà. Òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìyẹn 22. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a padà sípò. Ó lé ní oṣù mẹ́wàá tí ìpínlẹ̀ odindi fi wà nínú rògbòdìyàn, nítorí ìwà àwọn èèyàn tó jẹ́ pé tíráńsífọ́mà nìkan la máa ń bi léèrè.

Ṣé ọnọ́rébù ò wá lè mú títì wá sílùú rẹ̀ ni? Ó lè mú un wá, àmọ́ kì í ṣe látinú àpò ara rẹ̀. Lọ́dọọdún, gómìnà gbọ́dọ̀ gbé àbá ìṣúná wá síwájú ilé. Ibẹ̀ ni kó ti jà fún wa, kí orúkọ ìlú wa wọ inú ìwé náà, lẹ́yìn náà kó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé wọ́n ṣe é. Abala 128 nínú ìwé òfin Nàìjíríà fún ilé lágbára láti ṣèwádìí bí wọ́n ṣe ná owó tí wọ́n fọwọ́ sí.

Mo ti ka ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àtúnṣe òrùlé ilé ìwòsàn àdúgbò wa wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì gbé sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan nínú wọn kún kí n tó gba oògùn tán. Ọnọ́rébù wa kò débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ́ bọ́hòòlù kan tí àwòrán rẹ̀ wà lára táǹkì.

N kò dá àwọn aládùúgbò mi lẹ́bi. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, omi ló máa béèrè. Àwọn olóṣèlú ló fi àṣà yìí kọ́ wa, nítorí ó rọrùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: níbo ni owó bọ́hòòlù yẹn ti wá? Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ gómìnà ló ti ń rí i gbà, ẹnu wo ló máa fi bi gómìnà léèrè owó òrùlé? Ẹnu tó bá jẹ dọ̀dọ̀ kì í sọ òdodo.

Àwọn kan tún gbà pé tó bá ti wọlé, ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́rin. Abala 110 ní bí àwọn tó ju ìdajì àwọn olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà bá fọwọ́ síwèé pé àwọn ò fọkàn tán an mọ́, INEC, àjọ elétò ìdìbò, gbọ́dọ̀ ṣètò ìbò láàárín 90 ọjọ́, wọ́n sì lè pè é padà wálé. Ọ̀nà yẹn le, ṣùgbọ́n ó wà.

Àwọn olùdíje máa tó tún wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Mo ti kọ ìbéèrè mi sílẹ̀. Àbádòfin wo lẹ gbé síwájú ilé? Nínú ọjọ́ 181 tí òfin ní ó kéré tán kí ilé fi jókòó lọ́dún, mélòó lẹ fi wà níbẹ̀? Mo kà wọ́n fún ìyá àgbà tó béèrè tíráńsífọ́mà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n fi ẹyọ kan kún un, òun fúnra òun ló sì máa bi wọ́n: owó òrùlé ilé ìwòsàn dà?