Iṣẹ́ Àdáṣe: Ohun Tó Jẹ́ ti Àbújá Nìkan

Àwọn nǹkan kan wà tí ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí. Lórí rédíò, "ẹsikilúsífù lísìtì" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó yóò rò pé òògùn kẹ́míìsì ni. Àwọn tó rò pé Yorùbá làwọn ń sọ wá ní "àtòkọ aládàáni", ìyẹn sì burú ju ti rédíò lọ. Ilé ìwé aládàáni la mọ̀: ohun tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ṣé ẹnì kan ló fowó ara rẹ̀ dá ṣọ́jà sílẹ̀ ni?

Èmi ń pè é ní iṣẹ́ àdáṣe, mo sì ń pe èkejì, èyí tí Àbújá àti ìpínlẹ̀ jọ ń ṣòfin lé lórí, ní iṣẹ́ àjọṣe. Wọ́n ní òwe ti ba àdáṣe jẹ́: àdáṣe ní í hunni, àjọṣe kì í hunni. Ẹ ṣeun. Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn. Àbújá ló ń dá a ṣe. Bó bá hun wá, a mọ ẹni tí a ó bi. Ẹlòmíì ní òfin ṣíṣe ni, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó ni òfin nǹkan ló ni iṣẹ́ rẹ̀, ó tán.

Ẹ fi í wé baba tó ní àgbà ọmọ nílé: Àbújá ni baba, ìpínlẹ̀ ni ọmọ. Ìbọn wà ní yàrá baba. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bí olè tilẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Àdáṣe nìyẹn. Oko, baba ń ro ó, ọmọ ń ro ó. Bí ìjà ààlà bá dé, ti baba ló borí. Àjọṣe nìyẹn. Èyí tí baba kò bá dárúkọ, tọmọ ni.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 to nǹkan 68 sínú àdáṣe: owó títẹ̀, ogun, ọlọ́pàá, ohun àlùmọ́ọ́nì. N kò ní ka gbogbo rẹ̀. Ẹ wo Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí nìkan. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin iṣu ní Ìsánlú, òfin ilẹ̀ 1978 ti fi sọ́wọ́ gómìnà. Wúrà tó wà lábẹ́ ebè yẹn gan-an, ti Àbújá ni. Gómìnà ní Lọ́kọ́jà kò lè fún ẹnikẹ́ni níwèé láti wà á. Síbẹ̀ alága káńsù là ń bú, ẹni tí òfin fi ọjà, ibùdókọ̀ àti itẹ́ òkú lé lọ́wọ́.

Ní 2023, wọ́n gbé rélùwéè àti ọgbà ẹ̀wọ̀n láti àdáṣe bọ́ sí àjọṣe. Ọlọ́pàá kò kúrò. A sì ń pe gómìnà ní olórí ètò ààbò! Ẹ ka abala 215 nínú ìwé òfin 1999 yẹn: bó bá pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, kọmíṣọ́nnà lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ síwájú ààrẹ ná. Àṣẹ náà yóò wà níbẹ̀ títí Àbújá yóò fi fèsì.