Epo Pupa Kì í Ṣe Ẹ̀rọ̀ Oògùn Kòkó

Ẹ̀yin olóko ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́dún yìí nìkan, alágbàṣe mẹ́ta tí oró oògùn kòkòrò mú nínú oko kòkó ni wọ́n ti gbé wá bá èmi nọ́ọ̀sì, Àgàtú méjì, ará Kútọnu kan. Epo pupa ti kún ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó dé.

Ta ló sọ fún yín pé epo ń pa oró oògùn kòkòrò? Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, tí ẹ bá rọ epo sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà lè gbà lọ. Mílíìkì náà ńkọ́? Bákan náà ni.

Chlorpyrifos, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí kòkó, ìbátan dichlorvos (Sniper) ni, èyí tí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019. Awọ ara lásán ń fà á mu. Nítorí náà, aṣọ ọrùn ẹni tí oògùn mú ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́. Ẹ fi ọ̀rá di ọwọ́ yín, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀: irun, ẹ̀yìn etí, abẹ́ èékánná. Kí ẹ wá mú ike oògùn náà dání, torí orúkọ ara rẹ̀ ni dókítà máa wò kó tó mọ̀ bóyá atropine, abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun irú oró yìí, ló kàn.

Èyí ẹ̀kejì nínú àwọn alágbàṣe mẹ́ta náà, ọmọ Àgàtú ni, kò tíì pé ogún ọdún. Itọ́ ń dà, omijé ń dà, iṣan ara rẹ̀ ń jà pì pì, ọmọlójú rẹ̀ ti sún kì bí ojú abẹ́rẹ́. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án tí mo ti mọ̀ pé oró oògùn kòkó ni. Àmọ́ babaláwo kan ti sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí, ó ní àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń bá a jà. Ẹ̀wù tó fi fọ́n oògùn, tó rin gbingbin, ṣì wà lọ́rùn rẹ̀! Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ má bá mi sọ ọ̀rọ̀ ará ilé. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi gé ẹ̀wù náà, a wẹ̀ ẹ́, mo sì bá a wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Ífẹ̀.

Ó yè. Ẹ ń sọ pé Àgàtú kì í gbọ́ràn. Èdè wo lẹ fi bá wọn sọ ọ́? Ọmọ yìí ò gbọ́ Yorùbá, kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ Àgàtú tó gbọ́ Yorùbá dáadáa wà lábà kejì tí ẹnikẹ́ni ò pè.

Mo lọ wo yàrá rẹ̀ lábà. Ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí náà ló ń sùn. Kẹ́ẹ̀gì omi mímu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, àwòrán agbárí tó ń kìlọ̀ pé oró ni ṣì hàn lára kẹ́ẹ̀gì náà ketekete. Mo fọwọ́ júwe, mo bi í pé ta ló fún un. Ó nàka sí ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní òun ti fọ̀ ọ́ dáadáa.