Ọfà mẹ́ta tó wà nídìí ike

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọkùnrin tó máa ń wá kó ike ládùúgbò wa tú àpò tí ìyá kan kó fún un sílẹ̀, ó ń ṣà wọ́n. Ó mú ike omi, ó mú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ti ife yógọ́ọ̀tì àti abọ́ fóòmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú bí ìyá náà. Ó dojú ife kan délẹ̀, ó nàka sí ìdí rẹ̀: “Ṣé o ò rí ọfà mẹ́ta yìí ni? Wọ́n ní wọ́n máa ń tún un lò!” Ọmọ náà fèsì jẹ́jẹ́: “Ẹ má bínú, Mọ́mì. Wọn ò ní rà á lọ́wọ́ mi ni.”

Ọmọ yẹn ló jàre. Ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá, pé ike tí ọfà mẹ́ta bá ti wà nídìí rẹ̀, àtúnlò ló ń lọ.

Àṣìṣe náà níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1970, Gary Anderson, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Kalifóníà, ya ọfà mẹ́ta tó ń lé ara wọn kiri fún ìdíje tí ilé iṣẹ́ oníbébà kan gbé kalẹ̀. Àmì àtúnlò nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1988, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà mú ọfà tó jọ ọ́, wọ́n fi nọ́ńbà sí i láàárín, láti 1 dé 7. Irú ike tí nǹkan náà jẹ́ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2013, àwọn tó ń bójú tó ìlànà náà ní kí wọ́n yọ ọfà kúrò, kí wọ́n fi igun mẹ́ta lásán rọ́pò rẹ̀, kó má bàa máa ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Àmọ́ mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe ike ti pọ̀ nílẹ̀, ọfà àtijọ́ ṣì wà káàkiri.

Irú ike. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa gbà pé ike kan náà ni gbogbo ike. Ẹ mú ike omi kan tí ẹ ti mu tán. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ gé díẹ̀ lára ọmọrí rẹ̀, ẹ da méjèèjì sínú abọ́ omi, kí ẹ sì fọwọ́ tì wọ́n wọlẹ̀. Èyí tí ẹ gé lára ike yóò rì sísàlẹ̀. Ti ọmọrí yóò léfòó padà. Ike tó ní nọ́ńbà 1 ni ara ike omi náà. Ọmọrí sábà máa ń jẹ́ 2 tàbí 5. Lítà omi kan wọn kílò 1, ṣùgbọ́n ike 1 tó bá tóbi tó lítà kan, tí kò ní ihò nínú, á wọn nǹkan bíi kílò 1.38. Ooru tó ń yọ́ wọn náà kò dọ́gba: ike 2 ti yọ́ nígbà tí iná bá tó nǹkan bíi 130 dígírì, ike 1 kò ní yọ́ àfi tó bá tó nǹkan bíi 250. Ẹni tó bá rọ́ méjèèjì pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan náà ti ba ọjà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń lọ ike wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń dà á sómi, kí èyí tó rì àti èyí tó léfòó lè yà síra. Bí ẹyọ ike omi kan ṣoṣo bá le tó báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa odindi àpò?

Ẹ tún wo abọ́ fóòmù. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni 6, ó sì ń ní ọfà. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kílò ni wọ́n fi ń ra ike, àpò fóòmù kan kò sì wọn nǹkan kan lórí òṣùwọ̀n. Ta ni yóò rù ú dé ọ̀dọ̀ oníbàárà? Gọ́tà ló ń gbà á. Lóṣù kìíní 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn fòfin dè é, síbẹ̀ a ṣì ń rí i.

Mi ò sọ pé nọ́ńbà náà kò wúlò o. Ó ń ran ẹni tó ń ṣà á lọ́wọ́. Bí ilé iṣẹ́ tó ń lo ike 5, tí wọ́n sábà fi ń ṣe ife yógọ́ọ̀tì, bá wà nítòsí, ó ṣeé ṣe kí ọmọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ máa béèrè ife yógọ́ọ̀tì lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà lè yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, àní láti àdúgbò dé àdúgbò. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó o ni kí ẹ ti béèrè ohun tí wọ́n ń rà, kí ẹ tó di àpò.

Nǹkan mìíràn tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn kan ti ń ka nọ́ńbà yìí sí ẹ̀rí pé ike náà dára fún oúnjẹ. Rárá o. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi gbé oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko dé oko lè jẹ́ 2, bíi kẹ́ẹ̀gì tuntun tí ẹ fẹ́ rọ epo pupa sí. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́jà, tí wọ́n fọ̀ tó ń dán, tí wọ́n tò ó mọ́ àwọn yòókù. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá lè sọ, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un.