Ilé ìwòsàn tí ẹ yàn ju káàdì ìlera lọ: bí òfin ìdójútòfò ìlera ṣe ń ṣiṣẹ́ níwájú káńtà

Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin NHIA (àjọ ìdójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀), òfin tó sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà àti fún àlejò tó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà tó bófin mu. Òfin tó wà tẹ́lẹ̀, èyí tí ìjọba ológun fi dá NHIS (ètò tí NHIA rọ́pò) sílẹ̀ ní 1999, kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé fún ọdún gbọọrọ, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìdílé wọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin tuntun náà tún ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀. Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 2015, òfin náà ló bí àjọ LASHMA àti ètò tí aráàlú mọ̀ sí Ìlera Èkó. OYSHIA ni ti Ọ̀yọ́, OGSHIA ni ti Ògùn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu buwọ́ lu àṣẹ tó fi ìdí ọ̀rọ̀ dandan yìí múlẹ̀ ní Èkó.

Dandan tí à ń wí yìí, kò sí ọlọ́pàá tí yóò dá ẹnikẹ́ni dúró ní títì pé káàdì ìlera rẹ̀ dà. Ọrùn agbanisíṣẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gba kọngílá lọ́wọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí ìdójútòfò ìlera NHIA wá. Fún oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àgbẹ̀, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì kì í ṣe bóyá wọ́n á mú wọn. Ìbéèrè náà ni pé bí àìsàn bá dé, kí ni káàdì yìí lè ṣe, níbo ló sì ti máa ń kọṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ètò méjèèjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà lábẹ́ NHIA, HMO (iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìdójútòfò ìlera) sì ni alárinà láàrin rẹ̀ àti ilé ìwòsàn. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ àjọ ìpínlẹ̀ náà. Àǹfààní ọ̀kan kọ́ ni ti èkejì. Bí aládùúgbò yín bá sọ fún yín pé káàdì òun san owó iṣẹ́ abẹ báyìí báyìí, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè pé ètò wo ni tirẹ̀.

Ìdílé tí ètò ìjọba àpapọ̀ mọ̀ ni òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀ kan, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ìyá arúgbó tó ń gbé lọ́dọ̀ yín kò sí níbẹ̀, ìyàwó kejì kò sí níbẹ̀, ọmọ karùn-ún náà kò sí níbẹ̀, àfi kí ẹ san owó kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. (Ẹni tó kọ ìlànà yìí kò dé agboolé wa rí.) Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ₦40,000 sì ni ti ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Owó kì í dúró sójú kan, nítorí náà, iye tí àjọ náà bá sọ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ gbà, kì í ṣe iye tí aṣojú kan kọ sórí bébà. Nọ́ńbà NIN ni wọ́n ń lò fún ìforúkọsílẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN sì gbọ́dọ̀ bá ti káàdì mu. Lẹ́tà kan péré tó yàtọ̀ nínú orúkọ ti tó kí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn sọ pé òun ò mọ̀ yín.

Bí ẹ ṣe ń forúkọ sílẹ̀ ni wọn yóò ní kí ẹ mú ilé ìwòsàn kan, ibi tí ẹ ó ti máa kọ́kọ́ gba ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú èyíkéyìí tí ojú wọn bá kọ́kọ́ rí nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Oṣooṣù ni wọ́n ń san owó kan pàtó fún ilé ìwòsàn yìí lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó yàn án, ó wá o, kò wá o. Lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀, ₦750 ni owó náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí NHIA tó sọ ọ́ di ₦1,450 ní 2025. Inú owó yìí ni ọ̀yà dókítà, àyẹ̀wò ibà, oògùn ibà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti owó iná mànàmáná ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní èèyàn 1,000 yan ilé ìwòsàn kan, ₦1,450,000 ló ń wọlé fún un lóṣù. Bí 50 péré bá wá gba ìtọ́jú lóṣù náà, ₦29,000 ló wà nílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ká tún wá ní èèyàn 200 péré ló yan ilé ìwòsàn kejì, ₦290,000 ló ń rí gbà. Bí 80 nínú wọn bá wá, ₦3,625 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwòsàn kejì yìí ni wọn ti máa ń sọ fún yín pé oògùn ti tán, kí ẹ lọ rà á níta. Kì í ṣe pé dókítà ibẹ̀ burú ju ti ibòmíì lọ; iye èèyàn tó pín ìnáwó náà ni kò tó. Nítorí náà, ilé ìwòsàn kékeré tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún káàdì, bó ti wù kí wọ́n yá mọ́ yín tó. Ẹ mú èyí tí èrò rẹ̀ pọ̀, tó ní yàrá àyẹ̀wò tirẹ̀, tí dókítà ń sùn níbẹ̀ lóru, tí ẹ sì lè dé láàárín ààjìn láì ṣe wàhálà ọkọ̀. Kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ jókòó níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹ sì bi àwọn tó mú káàdì lọ́wọ́ bóyá wọ́n ń rí oògùn gbà. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì yàn, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpààrọ̀ náà kì í jẹ́ lójú ẹsẹ̀, pàápàá kò ní ran ẹni tó ti dùbúlẹ̀ lọ́wọ́.

Èèyàn a máa sọ pé, "Mo san owó lọ́dún tó kọjá, mi ò ṣàìsàn, owó mi dà?" Ìdójútòfò kì í ṣe àjọ tí à ń dá. Nínú àjọ, gbogbo wa la ó kó. Níbí, ẹni tí àìsàn bá kàn ló ń kó, tiyín náà sì lè kàn lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun kan náà ló fà á tí ọ̀pọ̀ ètò fi máa ń ní àkókò ìdúró láàárín ọjọ́ tí ẹ san owó àti ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bí wọ́n bá jẹ́ kí aláboyún oṣù mẹ́sàn-án san owó lónìí kó sì bímọ lọ́la, àwọn tí ara wọn le kò ní san mọ́, owó á sì gbẹ. Ẹ béèrè iye ọjọ́ ìdúró náà kí ẹ tó sanwó, àti ti ìbímọ lọ́tọ̀, torí ìyẹn sábà máa ń gùn ju ti ibà lọ.

Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ọgbẹ́ kékeré àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò nílò kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí HMO fi ń gbà pé kí wọ́n ṣe ìtọ́jú kan. Ilé ìwòsàn tí ẹ yàn ni yóò tọ́jú wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, bí iṣẹ́ abẹ tàbí ìgbàtọ́jú ní ọsibítù ńlá, ìgbà náà ni kóòdù ń wọlé. Dókítà yóò kọ lẹ́tà, yóò kọ àìsàn tó rí àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe sínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ NHIA níbẹ̀ yóò fi í ránṣẹ́ sí HMO, HMO yóò sì fi kóòdù dáhùn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2025, NHIA ti ní kí HMO máa fún èèyàn ní kóòdù láàárín wákàtí kan. Bí wákàtí náà bá kọjá, kí ilé ìwòsàn máa bá ìtọ́jú lọ. Ẹ fi àṣẹ yìí sọ́kàn. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ padà wá lọ́la," ẹ bèèrè wákàtí tí wọ́n béèrè kóòdù náà, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́tà tó ní "jọ̀wọ́ bá mi tọ́jú aláìsàn yìí" nìkan nínú, láìsí orúkọ àìsàn, HMO á dá a padà. Kóòdù àyẹ̀wò kò sì gbé iṣẹ́ abẹ: bí dókítà ọsibítù ńlá bá fi ohun tuntun kún un, kóòdù tuntun ló nílò. Èyí tó ń dun èèyàn jù ni pé kí ìdílé tí ẹ̀rù ti bà fi owó ara wọn san gbogbo rẹ̀ kí kóòdù tó dé, kí wọ́n wá máa lérò pé HMO yóò dá a padà. Ilé ìwòsàn ni HMO ń sanwó fún, kò fẹ́ràn kó máa san án fún aláìsàn. Oògùn náà ní tirẹ̀: nínú ètò ìjọba àpapọ̀, ìdá 10 nínú 100 owó oògùn wà lọ́rùn yín. Bí wọ́n bá béèrè ìyẹn, kì í ṣe jìbìtì. Bí wọ́n bá béèrè ìdajì, ẹ gba rìsíìtì.

Bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, ẹ gbàgbé kóòdù ná. Abala 20 nínú òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn, dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìlera èyíkéyìí kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ìdí yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ti ìbọn ní òfin tirẹ̀ láti 2017: kí ilé ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bà, bó ní ìwé ọlọ́pàá bí kò ní, bó san owó àkọ́san bí kò san, kí wọ́n sì fi tó àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ wọn létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni ìròyìn yẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó gbé aláìsàn wá. Àmọ́ ẹ má ṣì í gbọ́: òfin kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ó ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀mí ná, owó á tẹ̀lé e. Ẹni tó ní káàdì ní láti jẹ́ kí HMO tàbí àjọ ìpínlẹ̀ gbọ́ ní kété tí ara aláìsàn bá ti balẹ̀.

Abala 23 òfin kan náà ni kò gbajúmọ̀ tó bó ṣe yẹ. Ó ní kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ ipò tí ara yín wà, oríṣi ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ fún yín, kó sì jẹ́ ní èdè tó yé yín níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Màmá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè ní kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé kí òun tó tẹ̀ka sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ojúrere.

Kí ni ti ẹni tí kò lówó láti san? Òfin 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ owó tí kò dín ní ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Ó pín in báyìí: ìdajì fún ìdójútòfò, 20 nínú 100 fún oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, 15 fún ilé, ohun èlò àti ọkọ̀, 10 fún òṣìṣẹ́, 5 fún pàjáwìrì. Òfin 2022 wá fi àpò kan kún un fún àwọn aláìní: ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti mẹ̀kúnnù. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ ti béèrè, pẹ̀lú NIN lọ́wọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìtọ́jú oyún, ìbímọ, iṣẹ́ abẹ ìbímọ bó bá pọn dandan, ìtọ́jú ọmọdé, ibà, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Àyẹ̀wò ni mo wí. Ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún ìtọ̀ ṣúgà kì í sábà sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé orúkọ ti kún, òótọ́ lè ni, torí iye èèyàn tí owó gbé ni wọ́n ń gbà. Ìdí kan tún wà tí ìpínlẹ̀ kan fi ń ṣe dáadáa ju èkejì lọ: òfin béèrè pé kí ìpínlẹ̀ mú ìdá 25 nínú 100 ìnáwó iṣẹ́ ìlera alábọ́dé sílẹ̀ kó tó lè rí ti àpapọ̀ gbà. Gómìnà tí kò bá mú tirẹ̀ wá, ará abúlé ni yóò san án.

Iṣẹ́ abẹ ẹwà àti ìtọ́jú ìfẹ́ bímọ nínú ìgò (IVF) kò sí nínú ọ̀pọ̀ ètò, ìtọ́jú jẹjẹrẹ sì sábà máa ń ní ààlà. Ẹ gba ìwé àǹfààní kí ẹ sì kà á.

Ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ ìsọdọ̀tun káàdì kọjá, torí àkókò ìdúró lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ aládàáni náà, ẹ máa yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ HMO lóṣù mẹ́ta mẹ́ta: ọ̀gá lè ti yọ owó nínú ọ̀yà yín láì fi í ránṣẹ́, ojú káńtà ni ẹ ó sì ti gbọ́.

Bí ilé ìwòsàn bá fi ẹ̀tọ́ dù yín, ẹ kọ ọ́ sí bébà. Òfin 2014 gbà yín láyè láti fẹjọ́ sùn nípa bí wọ́n ṣe tọ́jú yín. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí, orúkọ oògùn tí wọ́n ní ó tán, nọ́ńbà kóòdù, àti iye tí ẹ san, kí ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn, kí wọ́n buwọ́ lu tiyín, kí ẹ fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́ sí HMO tàbí àjọ ìpínlẹ̀ yín.