Bíbù tí kì í ṣe Bíbélì: ibi tí Félix inú Ladybug gbà lọ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní CM1 ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí gba portable lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé, kò pẹ́ ló figbe ta: "Tọ́ńtọ́n, ẹ wá wo Ladybug, wọ́n ti bà á jẹ́!" Ladybug ni dessin animé Faransé, ìyẹn fíìmù àwòrán àwọn ọmọdé, tó dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń di akọni. Mo sáré wò ó, ẹnikẹ́ni ò bà á jẹ́ o, fídíò àtijọ́ kan ló já lé lórí YouTube, èyí tí wọ́n fọwọ́ yà bíi dessin animé àwọn ará Japan, ojú Ladybug rogodo, irun ń fẹ́ lẹ́lẹ́, Chat Noir, akọni kejì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, náà wà ńbẹ̀, àmọ́ ọmọkùnrin tó wà nínú aṣọ dúdú yẹn kì í ṣe Adrien tí ọmọ wa mọ̀, Félix ni wọ́n ń pè é. Ọmọ yìí bínú gan-an. Ta ló ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ nísinsìnyí. Mo ní fara balẹ̀, ìgbà yẹn wọn ò tíì kọ Adrien sínú bíbù rárá. Ìyá mi àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ilẹ̀kùn gbójú sókè, ó ní, "Inú Bíbélì wo lẹ ti rí Ladybug?"

Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ìbéèrè màmá dáa, torí ọ̀rọ̀ yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Bíbù tí mò ń wí, ọ̀rọ̀ àwọn Faransé tó ń ṣe dessin animé ni, la bible, kò sì ní Jẹ́nẹ́sísì nínú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Félix, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín bíbù àti ohun tó máa ń ṣáájú ẹ̀, ìyẹn pitch.

Pitch ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ẹni tó ní ìtàn fi ń polówó ẹ̀ fún ẹni tó lówó. Ó lè jẹ́ ojú ìwé kan péré, ó lè jẹ́ àwòrán mẹ́ta mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, ó sì lè jẹ́ fídíò kékeré bí èyí tí ọmọ wa rí yẹn. Ṣé ẹ mọ alárenà? Tó bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ yín nílé ọkọ, á ní ọmọ náà gbọ́n, ó mọ oúnjẹ sè, ó lójútì, kò ní sọ pé ó ń hanrun. Kò purọ́ o, ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n ní kí wọ́n mú ọmọ wá káwọn rí i ló ń sọ. Iṣẹ́ tí pitch ń ṣe gan-an nìyẹn, tẹ́lifíṣọ̀n tó bá gbọ́ ọ á ní ó dáa, ẹ mú un wá ká wò ó, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Torí tí wọ́n bá ti ní ẹ mú un wá, ìwọ nìkan kọ́ ló máa ya á mọ́. Èèyàn tó pọ̀ ló máa gbé e, òmíràn wà ní Paris, òmíràn wà ní Korea, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ imú Marinette, ọmọbìnrin tó ń di Ladybug, gbọ́dọ̀ jẹ́ imú kan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni bíbù ti wúlò. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀rọ̀: ta ni ẹni yìí, kí ló ń fẹ́, kí ló ń bà á lẹ́rù, agbára ẹ̀ dé ibo, kí ni kò gbọ́dọ̀ ṣe láéláé. Èkejì jẹ́ ti àwòrán: ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn tò sórí ìlà kan kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ga ju ẹnì kejì lọ, bí ẹnu ṣe ń rí tó bá ń pe "a" àti "o", nọ́ńbà àwọ̀ pupa tí wọ́n á lò. Ohun tó bá ti wọ inú ẹ̀, àṣẹ ni. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn, màmá sì gbà pẹ̀lú mi lórí ìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí Ladybug. Thomas Astruc, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ni ìtàn yẹn, Jeremy Zag sì wá bá a dá a sílẹ̀. Fídíò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú 2015, ilé iṣẹ́ Toei tó ń ṣe dessin animé ní ilẹ̀ Japan ló bá wọn yà á, àwòrán pẹlẹbẹ, 2D. Nígbà tí ojúlówó ẹ̀ fi máa jáde ní September 2015, ní Korea ló ti kọ́kọ́ jáde kó tó dé tẹ́lifíṣọ̀n TF1 ní Faransé ní October, ó ti di 3D, àwòrán orí kọ̀ǹpútà tó ṣeé yí káàkiri, Félix ti lọ, Adrien ti dé.

Èwo ló wá fà á? Mo máa bẹ̀rẹ̀ látorí àwòrán torí ìyẹn yá. Ẹ mú bébà, ẹ ya Ladybug, aṣọ pupa tó ní àmì dúdú róbótó róbótó káàkiri ara. Ẹ tún un yà nígbà tó yí díẹ̀ sápá òsì. Àmì tó wà lórí itan nìkọ́, ibo ló wà báyìí? Ẹ tún un yà tó ń fò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré tí mo gbìyànjú ẹ̀ níwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àmì kan ti sá lọ sí orúnkún, ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2D, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ya àwòrán méjìlá péré fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìpín kan tó jẹ́ ìṣẹ́jú 22 á gbà yín ní àwòrán 15,840, sáà àkọ́kọ́ sì ní ìpín 26, ẹ bá mi sọ ọ́ di iye. Ní 3D, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa lẹ àwọn àmì yẹn mọ́ ọn lára, ibi tó bá yí sí wọ́n á bá a yí. Èmi ò sọ pé ìyẹn nìkan ni wọ́n rò o, owó wà ńbẹ̀, ọjà àwọn ọmọdé wà ńbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ ya á rí kò ní bi wọ́n pé kí ló dé. Ká sòótọ́ sha, lójú tèmi ti 2D yẹn rẹwà jù ú lọ.

Ti Félix ló le díẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Félix inú pitch, ọmọkùnrin tó tutù bí omi inú àmù ni, kì í rẹ́rìn-ín, ègún wà lára òrùka tó fi ń di Chat Noir, orí burúkú sì ń tẹ̀ lé e kiri, àfi kó fẹnu ko Ladybug lẹ́nu kó tó bọ́. Ní ìṣẹ́jú méjì ìyẹn dùn, ẹni tó bá gbọ́ ọ á fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa rí i ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ìpín 26. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹnu kora, ìtàn parí nìyẹn. Tí wọn ò bá sì fẹnu kora, ohun kan náà lẹ máa máa wò lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọmọkùnrin tó ń lé obìnrin torí èrè tara ẹ̀, kò sì sí ìyá tó máa jẹ́ kọ́mọ ẹ̀ máa wo ìyẹn. Astruc fúnra ẹ̀ sì ti sọ pé Félix ti jọ àwọn akọni tó kún inú anime, dessin animé àwọn ará Japan, jù.

Adrien wá ńkọ́? Ọmọ jẹ́jẹ́, olówó ni bàbá ẹ̀, wọ́n há a mọ́ ilé ńlá, kò lọ́rẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ràn Ladybug tọkàntọkàn. Marinette fẹ́ràn Adrien tọkàntọkàn. Marinette ni Ladybug, Adrien ni Chat Noir, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ wò ó bó ṣe rí: èèyàn méjì péré, ìfẹ́ onígun mẹ́rin! Ìyẹn lè lọ fún ọdún mẹ́wàá láìtán, torí pé ohun tó ń dè é mọ́lẹ̀ wà nínú àwọn fúnra wọn, kì í ṣe inú òrùka. Pitch nílò ohun tó máa mú ojú, bíbù nílò ohun tí kò ní tètè tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni nǹkan méjèèjì kì í bá ara wọn mu, ìgbà tí wọ́n bá ń kọ bíbù ni wọ́n sì máa ń rí i.

Wọn ò sì ju Félix nù o. Ní sáà kẹta, ó padà wá, ó ti di ìbátan Adrien, ìyá wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ojú wọn jọra, ìwà wọn ò jọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọ wa, ìbínú ẹ̀ rọ̀.

Irú ẹ̀ pọ̀. Àwọn Super Nanas tí àwa wò nígbà tá a wà lọ́mọdé, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń fò yẹn, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni lọ́wọ́ Craig McCracken ní 1992 ní Amẹ́ríkà, orúkọ tó sọ wọ́n nígbà yẹn sì ní ọ̀rọ̀ ìdí nínú, èyí tí tẹ́lifíṣọ̀n àwọn ọmọdé ò lè pè. Wọ́n ní kó pààrọ̀ orúkọ. Ẹ ò wá rí i pé fífa okùn kan ló mì gbogbo aṣọ: agolo tó ní ọ̀rọ̀ burúkú yẹn lára ló dà sínú ṣúgà tí wọ́n fi dá àwọn ọmọ náà, torí náà orúkọ tó lọ, agolo náà gbọ́dọ̀ lọ, ibẹ̀ ni Chemical X ti wọlé tó sì wá di ohun tí gbogbo èèyàn ń rántí. 1998 ni ojúlówó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti dessin animé Batman ọdún 1992 yàtọ̀ ní tiẹ̀. Fídíò kékeré tí Bruce Timm àti Eric Radomski fi polówó ẹ̀ ti ní òkùnkùn yẹn tẹ́lẹ̀, orí bébà dúdú ni wọ́n ń kun ilé àti títì sí dípò bébà funfun, bó sì ṣe wà títí dópin nìyẹn. Ohùn Joker, ọ̀tá Batman, ni wọ́n pààrọ̀, Tim Curry ló kọ́kọ́ ṣe é kí wọ́n tó gbé e fún Mark Hamill.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló kàn mí. Ó kàn mí torí èmi náà ti wọ inú ẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ méjì, ọ̀kan láti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀kan láti Kétu, a ní ká ṣe tiwa. Pitch wa rèé: ọmọbìnrin kan ní Kétu rí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àtijọ́ nínú àjà, ó gbé e wọ̀, ó di alágbára. Gbogbo ẹni tá a sọ ọ́ fún ló ń ní "hẹ̀n-ẹ́n!" Inú wa dùn. A pín iṣẹ́, a lọ ya á. Nígbà tá a padà pàdé, ọmọbìnrin mẹ́ta la mú wá. Tèmi ní ilà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ti ará Ṣábẹ̀ẹ́ ò ní ilà rárá, ti ará Kétu dàgbà tó ẹni tó lọ́kọ. A bá ara wa jà dalẹ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi, a ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ ni.

A wá gbé e lọ fún bàbá ọ̀rẹ́ mi ní Kétu, bàbá àgbà kan tó ti jó o rí. Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ojú lẹ fi wọ̀ ọ́ yìí?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. A ti gbé orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bo ojú ọmọ náà bíi ti Batman! Orí ni wọ́n ń gbé e lé bíi fìlà, aṣọ ló ń bo ojú, inú aṣọ ni ẹni tó ń jó ti ń ríran. Ìyẹn rọrùn láti tún ṣe. Èyí tó tẹ̀ lé e ló pa wá. Bàbá ní, "Obìnrin ló sì gbé e?" Torí àwọn ìyá wa la fi ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ o, àwọn ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń gbé e, kódà tó bá jẹ́ obìnrin ló fẹ́ fara hàn, ọmú igi ni wọ́n á dì mọ́ ọkùnrin náà láyà. Pitch wa fọ́ síbẹ̀ níwájú wa.

Oṣù méjì la fi bínú. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní ká má dá bàbá lóhùn, ìtàn lásán ni, ta ló máa mọ̀. Mo ní gbogbo Kétu ló máa mọ̀. Lọ́jọ́ kan la ṣàkíyèsí àwọn ère kéékèèké tí wọ́n ń gbẹ́ sórí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn, obìnrin tó ru igbá, ejò, ẹyẹ, ẹlẹ́ṣin, a ní kí ló dé tí kì í ṣe àwọn wọ̀nyẹn ló máa jí? Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère orí ẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lóru, ọmọbìnrin náà nìkan ló lè pàṣẹ fún un. Ó dáa ju èyí tá a kọ́kọ́ ní lọ, ìtàn kọ̀ọ̀kan sì lè ní ère tiẹ̀, kò ní tètè tán. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọn ò bú wa.

Bíbù wa ti di ojú ìwé mọ́kànlá báyìí. Ọmọ náà ti ní ilà, mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo borí. Ojú ìwé kẹrin ló ṣófo, ibi tó yẹ ká kọ bí ère ṣe ń sọ̀rọ̀ sí, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó máa ṣàwàdà bíi Chat Noir, ìyá mi àgbà sì ní Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó ń kọrin lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ló ń sọ̀rọ̀, ère kì í sọ̀rọ̀.